Láti Èbúté Mẹ́ta dé Arepo: Ìtàn Ọwọ́ tó Ń Tún Ọkọ̀ Ṣe

Ní ọdún 1975, Ove Andersson, ará Sweden, fi Peugeot 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ Safari Rally ní Kẹ́ńyà. Ọdún náà gan-an ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì ń to tirẹ̀ l'Ékòó. Nígbà tó di 1978, Jean-Pierre Nicolas, ará Faransé, fi 504 gba ìdíje Côte d'Ivoire, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ Arepo, Ibafo àti Mowe kọjá. Orúkọ awakọ̀ ló wọ ìwé. Ta ló rántí àwọn tó nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀?

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe kékeré. Inú eruku, òkúta àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń sá ìdíje wọ̀nyí, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ní ìdíje Bandama ti 1972 ní Côte d'Ivoire, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí ìrìn náà láàárín àkókò tí wọ́n dá. Kí ọkọ̀ tó gbéra, mẹkáníìkì ti fi irin pẹlẹbẹ bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì kí òkúta má baà lu ibi tí ọ́ìlì wà. Ó ti fi sípíríńgì tó le sí i, ó sì ti yọ gbogbo ẹrù tí kò wúlò kúrò. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú táyà, ṣọ́ọ̀kù àti jáàkì. Bí ọkọ̀ bá yà bá a, irin rẹ̀ ṣì ń jóni lọ́wọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló sì ní láti fi tún un ṣe.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, ó ti pẹ́.

Reluwé ló kọ́kọ́ kó àwọn ọ̀dọ́ wa jọ sídìí ẹ́ńjìnnì. Ojú irin tó gba Ìfọ̀ kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, ibi tí wọ́n sì ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Èbúté Mẹ́ta di ibi tí ọ̀pọ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú irin palẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń jó o pọ̀. Ní nǹkan bí 1906, ọ̀nà mọ́tò là láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni William Akínọlá Dáwódù, tó kàwé ní Hussey Charity Institution l'Ékòó, dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ta kẹ̀kẹ́, alùpùpù àti ọkọ̀, ó sì ń tún wọn ṣe, lásìkò tó jẹ́ pé àwọn Òyìnbó ló di òwò ńlá mú.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni iṣẹ́ yìí ti ń dé ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Òbí á mú ọmọ wá, wọn á tọwọ́ bọ̀wé, ọmọ náà á sì máa sìn fún ọdún bíi mélòó kan. Fífi pẹtiróòlù fọ irin ló máa ń kọ́kọ́ ṣe. Bí ọ̀gá bá na ọwọ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀ tó ní "tẹ̀ẹ̀tínì," kò gbọ́dọ̀ gbé sípánà míì fún un. Ọjọ́ tó bá ṣe fírídọ̀ọ̀mù, wọn á gbàdúrà, wọn á fún un ní ìwé ẹ̀rí, àwọn ẹbí á sì bá a jó.

Ẹ wo ọmọ iṣẹ́ tó já fáfá bó ṣe ń yọ pílọ́ọ̀gì ọ̀kadà. Kò ní kọ́kọ́ nù ún. Á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, á wo orí rẹ̀ dáadáa. Bó bá dúdú tó sì gbẹ, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá funfun, epo kò tó, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù. Bó bá jẹ́ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ó dáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn mẹkáníìkì alùpùpù eré ìje ṣe ń ka pílọ́ọ̀gì: ẹni tó ń gùn ún á fi iná sí i dé góńgó, á pa ẹ́ńjìnnì lójijì, wọn á sì yọ pílọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀. Honda, tó kọ́kọ́ lọ sí ìdíje alùpùpù Isle of Man ní 1959, dá ilé iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979, kò jìnnà sí Ìfọ̀.

Nǹkan ti yí padà báyìí. Kọ̀ǹpútà ti wà nínú ọkọ̀, kábúrétọ̀ sì ti ń di ohun àtijọ́. Nínú ẹgbẹ́ eré ìje ńláńlá, ẹni tó ń wo kọ̀ǹpútà àti ẹni tó di sípánà mú jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn. Ọ̀gá tó lè fetí mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ di ẹni ẹ̀yìn nítorí pé kò mọ ẹ̀rọ ìgbàlódé lò, ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n lò náà sì gbọ́dọ̀ kọ́ etí ọ̀gá yẹn kó tó pẹ́ jù.

Àwọn oníròyìn ní ẹ̀sìtéètì tiwọn ní Arepo, àwọn mẹkáníìkì sì wà káàkiri ẹ̀bá òpópónà náà. Ó yẹ kí wọ́n gbé rẹ́kọ́dà lọ bá àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí, kí wọ́n bi wọ́n léèrè: ọkọ̀ wo lẹ kọ́kọ́ tú? Ọmọ iṣẹ́ mélòó lẹ ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún? Ta ni ọ̀gá yín, ta sì ni ọ̀gá tó kọ́ ọ̀gá yín? Bí a bá ń tọ orúkọ wọ̀nyẹn sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú wọn gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ Dáwódù.