Òǹwòran Nínú Eré Orí Ìtàgé Yorùbá: Àpẹẹrẹ Mbárí Mbáyọ̀

Òǹwòran ni ẹni tí ó péjú síbi tí eré ti ń lọ, tí ó ń wò, tí ó ń gbọ́, tí ó sì ń fi ohùn, àtẹ́wọ́, ẹ̀rín, ijó tàbí owó dá òṣèré lóhùn. Nínú eré Yorùbá, òun náà wà lára àwọn tí ń ṣe eré. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìdánrawò ni òṣèré ń ṣe. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ipa rẹ̀ láti ayé alárìnjó títí dé ilé eré kékeré kan ní Òṣogbo, ó sì wo ohun tí ìlú elédè púpọ̀ bíi Lọ́kọ́ja lè rí kọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀rí láti Ọ̀yọ́-Ilé

Ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó pẹ́ jù lọ nípa eré alárìnjó ni ti Hugh Clapperton, ará Scotland, tí Aláàfin ní kí ó wá wòran ní Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Èrèlé ọdún 1826. Àwọn òṣèré kan jó nínú àpò. Òmíràn yọ bí erè ńlá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan jáde gẹ́gẹ́ bí òyìnbó: ó funfun, ó rù, òtútù sì ń mú un. Ariwo ta. Àwọn èrò ń ké sí Clapperton pé kí ó wò ó dáadáa, òun náà sì ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ẹni tí ó wá wòran wá di ìran.

Richard Lander, ọmọ-ọ̀dọ̀ Clapperton, bá a rin ìrìn àjò náà. Ní ọdún 1830, òun àti John àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lórí Odò Ọya, wọ́n sì kọjá níbi tí odò náà ti pàdé Bẹ́núé. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ Lọ́kọ́ja dó sí ní nǹkan bí ọdún 1860.

Ìdí tí ìjọba fi ń bẹ̀rù èrò

Hubert Ògúndé, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, gbé eré kiri títí dé Òkè Ọya. Ìjọba amúnisìn fòfin de eré rẹ̀ Strike and Hunger ní Jos. Ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí Yorùbá Ronú. Ọdún 1966 ni wọ́n tó tú òfin náà ká. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan dá kà nínú ilé kì í bí alágbára nínú tó èyí tí ọgọ́rọ̀ èèyàn jọ gbọ́, tí wọ́n sì jọ pàtẹ́wọ́ fún.

Mbárí Mbáyọ̀

Dúró Ládipọ̀ fi ìlù sí orin Àjíǹde nínú ìjọ ní Òṣogbo, àwọn kan sì takò ó. Èyí wà lára ohun tí ó sún un láti wá òǹwòran síta. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ó sọ ilé ọtí rẹ̀ di ilé eré àti ilé iṣẹ́ ọnà.

Òǹwòran ni ó fún ibẹ̀ ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari, ilé ère tí a ń kọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, ní agbègbè Owerri; ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ní Ìbàdàn ti ń jẹ́ ẹ láti ọdún 1961. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ sí Yorùbá: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Báyìí ni ó ṣe di Mbárí Mbáyọ̀.

Ní ọdún 1963 ni wọ́n ṣe Ọba Kò So níbẹ̀. Ládipọ̀ ṣe Ṣàngó. Abíọ́dún aya rẹ̀ ṣe Ọya. Èrò ti mọ ìtàn náà kí wọ́n tó jókòó, nítorí Tìmì tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó tẹ Ẹdẹ dó, Ẹdẹ kò sì jìnnà sí Òṣogbo. Nítorí náà, wọn kò wá gbọ́ bí yóò ṣe parí. Wọ́n wá wò bóyá oríkì pé, bóyá bàtá sọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, bóyá ijó bá ìlù mu. Òǹwòran tí ó mọ̀ ọ́n jẹ́ adájọ́, òṣèré sì mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun.

Nítorí pé ilé náà kò tóbi, ààlà àárín òṣèré àti ará ìlú kò nípọn. Jimoh Buraimoh ń bójú tó iná eré, Múráínà Oyèlámì ń ṣeré, ó sì ń lùlù. Àwọn méjèèjì di gbajúgbajà ayàwòrán.

Ẹ̀kọ́ fún Lọ́kọ́ja

Lọ́kọ́ja jẹ́ olú ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí láti ọdún 1991. Àwọn Òwórò, tí èdè wọn tan mọ́ Yorùbá, ń gbé pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú Tápà, Haúsá, Ìgbìrà àti Ígálà. Àwọn Òkun láti Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà àti Bùnú náà wà níbẹ̀. Ẹnìkan lè béèrè pé èdè wo ni eré yóò jẹ́ nírú ìlú bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn kan wà nínú ìtàn Ọba Kò So. Ní ọdún 1964, wọ́n ṣe é ní Berlin, ní ọdún 1965 ní Britain, Yorùbá ni wọ́n sì fi ṣe é. Ìlù, ijó, aṣọ àti ìrìn ẹsẹ̀ òṣèré gbé ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ èdè náà.

Ìfàsẹ́yìn

Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn òṣèré ti ń kọjú sí fíìmù. Ògúndé ṣe Aiyé ní ọdún 1979. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, owó ìrìn àjò wọ́n ẹgbẹ́ lọ́wọ́, fídíò sì tẹ̀ lé e. Fíìmù pa ojú àti ohùn àwọn òṣèré mọ́ fún ìran tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù kò gbọ́ ohùn ẹni tí ń wò ó, kò sì lè yí ìlù padà nítorí rẹ̀. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ eré Yorùbá fi gbọ́dọ̀ jókòó síbi eré ojúkojú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ gbọ̀ngàn kékeré: ìwé eré kò ju ìdajì eré lọ, ẹnu àti ọwọ́ àwọn tí ó péjú ni ìdajì yòókù wà.