Radiant: Ìtàn Díámọ́ǹdì Tí Wọ́n Gé Igun Rẹ̀ Dànù

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ní yunifásítì ti ń ra òrùka báyìí, pàápàá àwọn tó wà ní òkè òkun, àwọn náà ló sì máa ń bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ ìtàn, kí ni wọ́n ń pè ní radiant yìí gan-an? Ṣé ó tó iye tí wọ́n ń pè é?" Alágbẹ̀dẹ góòlù ló yẹ kó dáhùn ìbéèrè kejì yẹn. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ẹni tí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé òkúta báyìí, yóò ṣòro fún un láti mọ ohun tó ń fowó rà. Àǹfààní radiant àti àléébù rẹ̀, ojú ibì kan náà ni méjèèjì ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta fúnra rẹ̀. Díámọ́ǹdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà jáde nínú ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dán, ó sábà máa ń dà bí àfọ́kù ìgò tí omi òkun ti fọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ohun tó ń mú un tàn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ máa ń tẹ̀ gan-an, ju bó ṣe ń tẹ̀ nínú dígí lọ. Bí wọ́n bá gé ìsàlẹ̀ òkúta náà kó dagun bó ṣe yẹ, ìmọ́lẹ̀ yẹn kò ní rí ọ̀nà gbà jáde lẹ́yìn, yóò ta padà sójú ẹni tó ń wò ó. Bí wọ́n bá ṣì í gé, ìmọ́lẹ̀ á jò gba ìdí òkúta jáde, àárín rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Àmọ́ ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ta díámọ́ǹdì. Kárátì kan jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù, gbogbo lẹ́búlẹ́bú tó bá sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, owó ló bọ́ sílẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń gé e fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó sì fẹ́ ìwọ̀n, ó sì ṣòro kó rí méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjà yìí ni ẹ ó máa bá pàdé títí a ó fi parí.

Láyé àtijọ́, ilẹ̀ Íńdíà ni òkúta yìí ti ń wá. Láàárín ọdún 1720 sí 1730 ni ìròyìn rẹ̀ tàn kálẹ̀ láti Minas Gerais ní Brasil, ní ọdún 1867 ni wọ́n sì rí i ní South Africa. Ní Brasil, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n fi ọwọ́ ṣà á nínú odò. Nígbà tí wọ́n rí òmíràn ní Chapada Diamantina ní ọdún 1844, inú Bahia ni, Bahia yìí kan náà tí wọ́n kó àìmọye ọmọ Yorùbá lọ lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ wó. Ìyẹn tó àròkọ mìíràn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ní fò ó bí ẹni pé a ò rí i.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ọ̀nà méjì pàtàkì ló wà láti gé díámọ́ǹdì. Àkọ́kọ́ ni roboto, tí wọ́n ń pè ní round brilliant. Ní ọdún 1919, Marcel Tolkowsky, ọmọ ìdílé kan tó ń gé díámọ́ǹdì ní Antwerp, tẹ ìwé kan jáde tó fi ìṣirò sọ bó ṣe yẹ kí ojú kọ̀ọ̀kan dagun sí. Ojú 57 tàbí 58 ni wọ́n ń gé sí i lára. Kò sí èyí tó ń tàn tó o, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ná wọn: òkúta inú ilẹ̀ sábà máa ń rí bí òrùlé onígun mẹ́rin méjì tí wọ́n fi ìdí kọ ìdí. Kí irú rẹ̀ tó di roboto, ó sábà máa ń ju ìdajì lọ tó ń di lẹ́búlẹ́bú.

Èkejì ni gígé onípele, tí ojú rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì tò léra bí àtẹ̀gùn ilé. Emerald cut wà lára rẹ̀. Asscher náà wà níbẹ̀, èyí tí Joseph Asscher ṣe ní Amsterdam ní ọdún 1902. Ẹwà tiwọn dà bí ti omi tó dákẹ́. Omi tó dákẹ́ kì í sì í fi ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Àbàwọ́n kékeré tí ojú kò ní rí nínú roboto, gbangba ló máa ń wà nínú onípele, òkúta náà kì í sì í tàn tó ti roboto.

Ṣé kò wá ṣeé ṣe kí òkúta ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, kó sì tún máa tàn bíi roboto? Basil Watermeyer gbìyànjú rẹ̀ ní South Africa ní ọdún 1971. Ó gé ìsàlẹ̀ bíi ti brilliant, ó sì fi òkè sílẹ̀ ní onípele. Barion ló pè é: ó fi Basil àti Marion, orúkọ ìyàwó rẹ̀, ṣe orúkọ kan. (Ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ ọkọ ṣe.) Ní ọdún 1977, Henry Grossbard ní New York gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà lórí tirẹ̀. Grossbard kò fi òkè sílẹ̀ ní tiẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ ló gé bíi ti brilliant, ojú 70 lápapọ̀, lára òkúta tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, tí wọ́n ti gé ṣóńṣó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dànù. Òun ni radiant.

Igun tí wọ́n gé yẹn kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Díámọ́ǹdì le gan-an, kò sí ohun tó lè ha á lára bí kò ṣe díámọ́ǹdì bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè sán tí nǹkan bá gbá a níbi tó mú ṣónṣó. Princess cut, tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1980, ní igun mẹ́rin tó mú ṣámúṣámú, ibẹ̀ ló sì ti máa ń sán. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òrùka fọ abọ́, tó ń fi gbá ilẹ̀kùn mọ́tò, radiant á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju princess lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ́ràn princess pé kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù lójú wa ni ti àwọ̀. Láti ìgbà tí South Africa ti ń ta díámọ́ǹdì, òkúta kan wà tó ní àwọ̀ ìyeyè rẹ́súrẹ́sú. Cape ni àwọn oníṣòwò ń pè é. Kò funfun tó kí wọ́n tà á bíi funfun, àwọ̀ rẹ̀ kò sì jinlẹ̀ tó kí wọ́n tà á bí aláwọ̀. Owó pọ́ọ́kú ni. Radiant wá dé. Ojú kéékèèké inú rẹ̀ máa ń ta ìmọ́lẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó jáde, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti pẹ́ nínú òkúta tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbé àwọ̀ rẹ̀ jáde tó. Àjọ GIA ní Amẹ́ríkà, tó ń fi lẹ́tà D sí Z díwọ̀n òkúta funfun, ẹ̀yìn òkúta funfun ni wọ́n ń wò láti mọ àwọ̀ rẹ̀. Òkè ni wọ́n ti ń wo ti aláwọ̀. Nítorí náà, òkúta Cape tí kò wu ẹnikẹ́ni, tí wọ́n bá gé e ní radiant, ó lè di ẹni tó ní ìwé Fancy Yellow lọ́wọ́. Òkúta yẹn náà ni, inú ilẹ̀ kan náà ló ti wá, ọ̀nà gígé ló sọ ọ́ di olówó ńlá. Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ni. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọ̀ tí ojú ẹni rí ni ẹni ń rà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń rà á mọ̀.

Ohun kan náà yìí ló wá di àléébù fún ẹni tó fẹ́ funfun. Radiant máa ń fi àwọ̀ hàn, pàápàá lápá igun, nítorí náà òkúta tí ì bá funfun tó tí wọ́n bá gé e ní roboto lè pọ́n díẹ̀ tó bá jẹ́ radiant. Wíwọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń fọ́ káàkiri inú rẹ̀ a máa fi àbàwọ́n pamọ́, ìyẹn dára, owó rẹ̀ á dínkù fún yín. Àmọ́ nígbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ á kàn dà bí yìnyín tí wọ́n fọ́ túútúú, tí kò sí ibì kan pàtó tí ojú lè dúró sí. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀. Nínú àwa tí a jọ kọ èyí, ẹnì kan péré ló fẹ́ràn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún padà wá. Radiant máa ń gba èyí tó pọ̀ jù lára òkúta inú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sábà wọ́n tó roboto kárátì kan náà. Ẹ yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí ìwọ̀n yẹn wà. Ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń wà, níbi tí òrùka bò. Roboto kárátì kan máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 6.4 lójú, radiant tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, tó jẹ́ kárátì kan, kì í sábà ju nǹkan bíi 5.5 lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ máa béèrè mìlímítà pọ̀ mọ́ kárátì.

Ìwé ẹ̀tọ́ Grossbard kò wà títí láé. Ọdún 17 ni òfin Amẹ́ríkà ìgbà yẹn fún un. Nígbà tó parí, oníkálukú ń gé radiant bó ṣe wù ú, èyí tó jìn bíi kànga àti èyí tó pẹlẹbẹ, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. GIA bẹ̀rẹ̀ sí í fún roboto ní máàkì gígé ní ọdún 2006, radiant kò sí nínú ètò yẹn. Ìwé tó bá òkúta yín wá lè sọ àwọ̀, àbàwọ́n àti ìwọ̀n rẹ̀ láìsọ bóyá wọ́n gé e dáadáa. Ojú yín ni ẹ ó fi wò ó, lóòrùn àti lábẹ́ òjìji, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù nìkan.

Ní báyìí, èyí tí wọ́n ń ṣe nílé ẹ̀rọ ti gba ọjà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń jáde bíi bíríkì pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ sọ irú òkúta bẹ́ẹ̀ di roboto yóò gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù pátápátá. Ẹni tó bá sọ ọ́ di radiant, ṣóńṣó wọn nìkan ló máa gé.