Àádùn: Àlejò Tó Di Onílé

Ìpápánu róbótó tí òyìnbó ń tà fún agbára kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Àádùn ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́.

Síbẹ̀, àgbàdo tí a fi ń ṣe é kì í ṣe ti ilẹ̀ wa látètèkọ́ṣe. Amẹ́ríkà ló ti wá lẹ́yìn 1492, tí Columbus dé ibẹ̀. Òwò orí òkun ló gbé e dé etíkun wa. Epo pupa ló pàdé nílé. Àwọn méjèèjì di àádùn tí a fi ń ṣàdúrà níbi ìkómọjáde pé kí ayé ọmọ dùn.

A ó yan àgbàdo gbígbẹ, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó jọ̀ ọ́, a ó fi epo, iyọ̀ àti ata díẹ̀ pò ó. A kì í fi omi sí i. Ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè bàjẹ́.

Ní Plumstead High Street, a ń rí àgbàdo àti epo rà. Ọmọ tó mọ àádùn í pò ló ṣọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n sídìí iṣẹ́ náà, kí àádùn má baà di orúkọ lásán lẹ́nu wọn.