Orúkọ fún Ìtànṣán Tí Ojú Kò Rí

Àgbẹ̀ tó ń gbin tòmátì ní ìgbèríko Ṣáṣá, ní Ìbàdàn, lórúkọ fún gbogbo ìṣe oòrùn: oòrùn yọ, ó ràn, ó mú, ó wọ̀. Èyí tí kò tíì lórúkọ lẹ́nu wa ni apá kan ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú kò rí, tí ara kò sì mọ̀ ní ooru, àmọ́ tó ń ba awọ ara àti ojú jẹ́. Orúkọ tí a óò sọ ọ́ kò gbọdọ̀ ní ooru nínú. Ẹni tó bá gbọ́ "ooru oòrùn" yóò rò pé kò séwu lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run tí ara sì tutù. Bẹ́ẹ̀, ìkùukùu fẹ́lẹ́ kò dá a dúró.

Ìtànṣán ìkọjá-àlùkò ni mo fara mọ́. Àwọ̀ àlùkò ló wà létí inú òṣùmàrè. Ibi tí ojú wa ti parí iṣẹ́ níbẹ̀ ni ìtànṣán yìí ti bẹ̀rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni: A, B àti C. Kí lẹ́tà wọn dúró bẹ́ẹ̀.

Ósónì, gáàsì tó ń dí ìtànṣán yìí lọ́nà lókè, náà kò nílò orúkọ mìíràn: ọ́síjìn mẹ́ta tó so pọ̀ ni, ó sì pọ̀ jù lọ láàárín kìlómítà 15 sí 35 lókè wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ́ orúkọ. Bí a bá pè é ní òrùlé, irọ́ ni, nítorí òrùlé kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá. Asẹ́ ni. Ó gba gbogbo C dúró, ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú B, ó sì jẹ́ kí A kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí asẹ́ ósónì bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, B tó ń balẹ̀ yóò lé ní nǹkan bí ìdá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà jù ni "ihò ósónì", tó gbòde lẹ́yìn ìròyìn tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Joseph Farman àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé jáde láti Antarctica lọ́dún 1985. Kò sí ibi tó lu. Ósónì ibẹ̀ ló ń dín kù gidigidi lásìkò kan lọ́dọọdún. Fífẹ́lẹ́ ósónì ló tọ́ ká máa wí. Ẹni tó bá gbọ́ "ihò" ní Ìbàdàn lè sọ pé ihò náà ló fa oòrùn líle Ṣáṣá. Rárá o. Ósónì orí wa kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Láti ilẹ̀ ló ti fẹ́lẹ́ ju ti ìhà àríwá ayé lọ, oòrùn sì ń dúró ṣánṣán lórí wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí ìtànṣán náà fi ń le níbí nígbà gbogbo. Ní ti fífẹ́lẹ́ ti Antarctica, Àdéhùn Montreal ti 1987, tí Nàìjíríà wọ̀ lọ́dún 1988, ló dá gáàsì inú fíríìjì àtijọ́ tó ń ba asẹ́ náà jẹ́ lẹ́kun.

Àwọn àfín ni ìyà ìtànṣán yìí ń jẹ jù, nítorí èròjà tó ń mú ara dúdú kò tó lára wọn, jẹjẹrẹ awọ sì ń pa wọ́n. Nítorí tiwọn, kí olùkọ́ àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò fẹnu kò sí orúkọ kan. Ìdánwò orúkọ náà kò le: bí ìyá ọmọ àfín bá gbọ́ ọ lórí rédíò, tó sì dé akẹtẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn kò mú, orúkọ náà ti ṣiṣẹ́.