Àṣírí: Ta Ni Yóò Bò Ó?

Kò sí ilé-kéwú ní Ìwó tí wọn ò ti ní mọ̀ pé àṣírí bá èdè Lárúbáwá tan. *Sirr* ló ń jẹ́ níbẹ̀, Hausa sì ń pè é ní *asiri*. Ó ti pẹ́ lẹ́nu wa débi pé a ti gbàgbé pé àlejò ni, ṣùgbọ́n ohun tí à ń fi ṣe lónìí, Yorùbá gidi ni. Àṣírí ń tú, àṣírí sì ń bò. Bí owó àjọ bá bọ́ sí àsìkò owó ilé-ìwé ọmọ, ìyá á mí kanlẹ̀, á ní, "Ọlọ́run ti bo àṣírí mi." Ẹ ò rí i pé ó dárúkọ ẹni tó bò ó? Àṣírí kì í dá bo ara rẹ̀.

Ní ti àṣírí wa tó wà lórí ẹ̀rọ, òfin ló ní òun yóò bò ó. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 2023 ní òun mú ilé-iṣẹ́ tí kò tilẹ̀ ní ọ́fíìsì ní Nàìjíríà, bó bá ṣá ti ń lo àkọsílẹ̀ ẹni tó wà níbí. Ti Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, náà ń fo ààlà báyẹn. Nínú ìwé nìyẹn o.

Ará Ìwó, ọmọ ìlú odídẹrẹ́, mọ̀ pé bí ẹyẹ náà bá gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé tó sì já okùn, òfin onílé ò ká a mọ́, àfi bó bá ṣì ń padà wá jẹ àgbàdo. Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, ń jẹ àgbàdo lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí FCCPC, àjọ ìjọba wa tó ń dáàbò bo oníbàárà, fi lè bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé e ní 2024 nítorí WhatsApp, tí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fọwọ́ sí i lóṣù kẹrin 2025. Meta halẹ̀ pé òun lè kó Facebook àti Instagram kúrò ní Nàìjíríà. Clearview AI ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣa àwòrán ojú èèyàn jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní tirẹ̀ ò ní ọ́fíìsì ní Yúróòpù. Àjọ ààbò dátà ilẹ̀ Netherlands bu mílíọ̀nù 30.5 Yúrò lé e ní 2024. Ó fèsì pé òfin wọn ò kan òun.

Ẹ jẹ́ ká yí i padà. Ká ní aránṣọ kan ní Ìwó ń rán aṣọ fún àwọn èèyàn wa ní Peckham, ní London. Ìwọ̀n àyà, ìwọ̀n ìdí, àdírẹ́sì, gbogbo rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ̀, ó wá gbé e sórí Facebook láti fi polówó. Bí àjọ ìjọba Britain bá bu owó ìtanràn lé e, ta ni yóò wá gbà á ní Ìwó? Òfin wa ti 1961 lórí ìdájọ́ ilẹ̀ òkèèrè gbà kí èèyàn forúkọ ìdájọ́ owó sílẹ̀ ní kóòtù wa, ṣùgbọ́n ó yọ owó orí àti owó ìtanràn kúrò. Ìjọba òkèèrè ò lè fi kóòtù wa gba ìyẹn.

Bó bá jẹ́ oníbàárà fúnra rẹ̀ ló pè é lẹ́jọ́ ní London, tí kóòtù gíga ní kó san owó gbà-má-bínú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Oníbàárà lè gbé ìdájọ́ náà wá sílé, pàápàá bí aránṣọ bá ti yọjú jẹ́jọ́ lọ́hùn-ún. Mo mọ ohun tí lọ́yà aránṣọ máa kọ́kọ́ sọ fún un: "Má yọjú."