Sídì, Lákúnlé àti Owó Orí Ìyàwó

Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan àti obìnrin kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ẹbí méjì ni. Alárinà a lọ, a bọ̀. A tọrọ ọmọ, a ṣe ìdána, a san owó orí, kí ìyàwó tó gbéra kúrò ní ilé baba rẹ̀. Ní 1884, ìjọba Èkó gbé òfin ìgbéyàwó jáde, pé ẹni tí ó bá gbéyàwó lábẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ju aya kan lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ka ìwé sì ń bi ara wọn léèrè èwo ni kí àwọn tọ̀.

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni Wọlé Ṣóyínká gbé eré rẹ̀, The Lion and the Jewel, kà, èyí tí a ṣe ní Ìbàdàn ní 1959, tí a sì tẹ̀ ní ìwé ní 1963. Ní abúlé Ìlújinlẹ̀, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Lákúnlé ń fẹ́ Sídì, arẹwà ibẹ̀. Sídì kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí ó san owó orí òun. Lákúnlé kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àṣà àìlajú ni, bí ìgbà tí a ń ra ẹran lọ́jà. Baálẹ̀ Bárókà, ẹni ọdún 62, tí ó ti ní aya púpọ̀, ń fẹ́ ọmọbìnrin yìí kan náà.

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka eré yìí tán, iyàn a bẹ̀rẹ̀. Apá kan a ní Lákúnlé jàre, nítorí obìnrin kì í ṣe ọjà. Apá kejì a ní ọ̀wọ̀ ni owó orí, kì í ṣe iye ènìyàn. Obìnrin tí a kò tọrọ lọ́wọ́ ẹbí, ta ni yóò gbè é bí ọkọ bá ń jẹ ẹ́ níyà? Kí olùkọ́ má ṣe kánjú pa iyàn náà. Kí ó dá wọn padà sínú ìwé.

Ohun méjì ni wọn yóò bá níbẹ̀. Èkíní, Sídì mọ̀ pé bí òun bá lọ lófẹ̀ẹ́, àwọn ará abúlé yóò ní a kò bá òun nílé. Owó náà ni ẹ̀rí rẹ̀. Lákúnlé kò fetí sí ìdí yìí rárá. Àṣà ni ó ń bá jà, kò bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀. Èkejì, nígbà tí ó gbọ́ pé Bárókà ti gba ìbálé Sídì, ó ní òun yóò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò tún bèèrè owó orí lọ́wọ́ òun. Ẹni tí ó ní òun ń gbèjà obìnrin wá ń yọ̀ pé òun kò ní náwó! Baálẹ̀ kò sàn jù ú lọ: ó purọ́ pé okun ọkùnrin ti tán lára òun, irọ́ náà ni ó sì fa Sídì wọ ilé rẹ̀. Síbẹ̀, ní òpin eré, Sídì fúnra rẹ̀ ni ó yàn láti bá Baálẹ̀ lọ.

Iyàn yìí kì í ṣe ti orí ìtàgé nìkan. Ní 1956, ìjọba Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin pé owó orí kò gbọdọ̀ ju £30 lọ. Òfin lè dín iye owó kù. Kò lè kọ́ àfẹ́sọ́nà ní òtítọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó bi àwọn ọmọ yín bóyá owó orí dára tàbí kò dára, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé: èwo nínú ọkùnrin méjèèjì ni ó bá Sídì sọ òtítọ́? Ìbéèrè yìí ni yóò wúlò fún wọn ní ọjọ́ tí àwọn náà bá rán alárinà.