Ta Ni Orin Ìyìn Tọ́ Sí? Ìgbésí Ayé àti Iṣẹ́ Dan Maraya Jos

Nílẹ̀ Yorùbá, oríkì kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí pé ọmọ tálákà ní oríkì orílẹ̀ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọba ti ní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti alágbe tí ó ń fi ìlù àti orin jẹun, ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ ni ohùn rẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí láàárín àwọn Hausa. Àwọn akọrin kan wà tí wọ́n ń kọrin fún ọba àti ìjòyè, àwọn ni makadan sarauta. Àwọn mìíràn ń kọrin fún ẹnikẹ́ni láwùjọ, àwọn ni makadan jama'a. Orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń pe ẹni tí ń kọrin ìyìn jẹun ni maroki, láti inú roko, èyí tí ó túmọ̀ sí títọrọ nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò gbọdọ̀ gbójú fo èyí: Hausa àti Yorùbá, láìjẹ́ pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀, fi orúkọ kan náà pe ẹni tí ń tọrọ àti ẹni tí ń kọrin. Inú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan ti jáde ní Bukuru, lẹ́bàá Jos, tí ó jẹ́ pé orin ìyìn fún ọmọ ẹ̀yìn mọ́tò ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Adamu Wayya ni orúkọ rẹ̀. Dan Maraya Jos ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí.

Ọdún 1946 ni a bí i. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Plateau wà nígbà náà. Ó di ọdún 1967 kí a tó dá ìpínlẹ̀ Benue-Plateau sílẹ̀, ó sì di ọdún 1976 kí Plateau tó dá dúró. Orí òkè ni ilẹ̀ náà wà, ní nǹkan bí 1,200 mítà sókè ju ojú òkun lọ, òtútù ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìlú Hausa tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Ohun tí ó kó èrò jọ síbẹ̀ ni tánganran tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Kuza ni Hausa ń pe tánganran yìí, ó sì jọ pé inú ọ̀rọ̀ náà ni Yorùbá ti mú kùsà tí ó wà nínú ‘awakùsà’. Ilẹ̀ Berom ni Bukuru, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kùsà ti sọ ọ́ di àpapọ̀ ìlú. Hausa wà níbẹ̀, Igbo wà níbẹ̀, Yorùbá náà kò sì gbẹ́yìn ní agbègbè náà, pàápàá àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti Ogbómọ̀ṣọ́ wá.

Akọrin ààfin ni bàbá Adamu, olórí àwọn Hausa ní Bukuru ni ó sì ń kọrin fún. Kò pẹ́ tí a bí ọmọ náà tí bàbá fi kú. Nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ọwọ́, ìyá náà kú. Olórí tí bàbá rẹ̀ ń sìn ni ó gbà á tọ́. Dan Maraya kì í ṣe orúkọ àbísọ; ‘ọmọ òrukàn’ ni ó túmọ̀ sí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fẹ́ fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ nígbà tí ayé bá yẹ wọ́n. Adamu kò fi í pamọ́. Ó so orúkọ ìlú mọ́ ọn, ó sì fi í jẹun títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Láti kékeré ni ó ti ń tọ àwọn onílù àti akọrin ìlú lẹ́yìn. Kò tíì bàlágà nígbà tí ó rìnrìn àjò lọ sí Maiduguri, tí orin àwọn tí ó bá níbẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣe kuntigi kan fún ara rẹ̀. Kò tún fi kuntigi sílẹ̀ mọ́. Ohun èlò orin kékeré tí ó ní okùn kan ṣoṣo ni kuntigi. Agolo sàdíìnì ńlá tí ó rí bí ẹyin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ikùn rẹ̀, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n ń fi bò ó lójú, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọrùn rẹ̀. Olókùn kan náà ni gòjé tí Yusuf Olatunji àti àwọn onísákárà ẹgbẹ́ rẹ̀ lò, ṣùgbọ́n ọrun ni a fi ń ha gòjé, ìka ni a fi ń ta kuntigi. Bí akọrin bá dánu dúró, okùn yóò máa tún ohùn kan náà pa léraléra, kíákíá. Bí ó bá tún la ẹnu, okùn a yí ohùn padà láti bá orin rìn.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí agolo yìí. Olówó ti jẹ ẹja inú rẹ̀ tán kí ó tó jù ú nù. Ẹni tí ó bá sì ń ta kuntigi kò nílò elégbè, kò nílò onílù; òun nìkan ni ó ń ta, òun nìkan ni ó ń kọ. Mamman Shata, tí ó jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká jù lọ nínú àwọn akọrin Hausa ìgbà náà, kó onílù àti elégbè lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Haruna Ishola pẹ̀lú àwọn onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Gbogbo wọn ni yóò jẹun kí orin tó délé. Ẹni tí kò ní ọ̀pọ̀ ẹnu láti bọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìdí láti máa sáré tọ olówó kiri. Àwọn tí wọ́n ń wá ìdí tí Dan Maraya fi lè yan ẹni tí yóò yìn máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn rere rẹ̀. Ọkàn rere ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tí kuntigi ń ná ẹni kéré, èyí náà sì wà lára ìdí rẹ̀.

‘Wakar Karen Mota’ ni orin tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Kare ni ajá; karen mota ni ‘ajá mọ́tò’. Ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí àwọn Yorùbá àtijọ́ ń pè ní mọ́tò-bọ́ì. Òun ni ó ń pe èrò, òun ni ó ń kó wọn wọlé tí ó sì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Bí táyà bá jò, òun ni yóò wọ abẹ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, òun ni yóò tì í. Awakọ̀ ni èrò ń kí nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀ láyọ̀. Orúkọ èébú yìí gan-an ni Dan Maraya fi ṣe àkọlé, ó sì fi ọ̀nà tí akọrin ààfin ń gbà yin ọba yin ọmọ náà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dípò ogun tí bàbá ńlá rẹ̀ jà. Ìyípadà ńlá ni èyí nínú lítíréṣọ̀ alohùn Hausa. Iṣẹ́ àwọn akọrin bíi Narambada àti Salihu Jankidi dúró lórí ìran àti oyè ẹni tí a ń yìn. Karen mota kò ní oyè, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè ìran rẹ̀. Kò sì lè sanwó orin.

Orin mìíràn tẹ̀ lé e. ‘Talakawa’ kò nílò ògbufọ̀ fún Yorùbá, nítorí pé ọ̀dọ̀ Hausa ni a ti yá tálákà. ‘Mai Akwai da Mai Babu’ gbé ẹni tí ó ní àti ẹni tí kò ní kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. ‘Malalaci’ bá ọ̀lẹ wí, ‘Gulma’ bá olófòófó wí, ‘Auren Dole’ sì dá lórí fífi ipá fún ọmọbìnrin lọ́kọ. Nínú ‘Jawabin Aure’ ni ó ti ṣàlàyé wàhálà tí ìkọ̀sílẹ̀ máa ń fà, tí ó sì rọ tọkọtaya láti parí aáwọ̀ wọn nínú ilé. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àti Rédíò Kaduna, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, gbé ohùn rẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Orin ìbáwí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ayinla Omowura fi àpàlà sọ ọ̀rọ̀ ìlú fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn awakọ̀. Odolaye Aremu ti Ìlọrin fi dadakúàdà bú ẹni tí ó tọ́ sí èébú. Ṣùgbọ́n orin àwọn méjèèjì kún fún orúkọ olówó àti òṣèlú. Orúkọ tí ó wà lórí ‘Karen Mota’ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti iṣẹ́ ni.

Ó ní ẹlẹ́gbẹ́ ní ọ̀nà jíjìn. Ní Argentina, orílẹ̀-èdè tí òkè Andes wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, Atahualpa Yupanqui (1908–1992) fi gìtá kan ṣoṣo kọrin nípa ẹni tí ń da màlúù ẹlòmíràn gba orí òkè. Olùdaran yìí àti karen mota jọra gan-an: àwọn méjèèjì ń rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọrọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ohun tí ó yà wọ́n ni ìjọba. Yupanqui wẹ̀wọ̀n nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa ìṣèlú nígbà ìjọba Perón, ilẹ̀ Faransé ni ó sì kú sí. Ìjọba Nàìjíríà fi oyè MON dá Dan Maraya lọ́lá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti le. Nígbà Ogun Abẹ́lé, láàárín 1967 àti 1970, ó kọ ọ̀pọ̀ orin láti fi yin àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, ó sì ṣàpèjúwe ojú ogun bí ẹni pé olùgbọ́ wà níbẹ̀. Bí a bá wò ó lójú kan, sójà tí a rán lọ sójú ogun àti karen mota jọ jẹ́ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń gba ìyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jos wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti pa àwọn Igbo ní 1966. Àwọn tí wọ́n fi ilé àti ìsọ̀ wọn sílẹ̀ níbẹ̀ kò lè gbọ́ àwọn orin ogun wọ̀nyí bí àwọn tí wọ́n kù sílé ṣe gbọ́ wọn. Kò bójú mu láti pe Dan Maraya ní akọrin aláìní kí a sì fo orin ogun rẹ̀ dá. Ohùn kan náà ni ó kọ méjèèjì.

Àwọn onímọ̀ tètè rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Habib Ahmed Daba kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí nínú ìwé ‘Oral Poetry in Nigeria’ tí ó jáde ní 1981, akéwì ni ó sì pè é níbẹ̀, kì í ṣe maroki. Ọ̀rọ̀ náà bá àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá wí pẹ̀lú. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń fi ewì alohùn Yorùbá wé ti Gíríìsì àtijọ́ pọ̀ ju àwọn tí ń fi í wé ti Hausa lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn Yorùbá Jos ti ń gbọ́ kuntigi lórí rédíò láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ìlú tí ó fi ṣe orúkọ dàrú. Oṣù Kẹsàn-án 2001 ni ìjà kọ́kọ́ gbóná jù; ó tún ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá 2008 àti ní Oṣù Kìíní 2010. Ẹ̀sìn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò, ta ni ìjọba ìbílẹ̀ Jos North lè fún ní ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ìlú ni. Ọ̀pọ̀ àwọn Hausa tí a bí sí Jos ni a sọ fún pé wọn kì í ṣe ará ibẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́ Oṣù Kẹfà 2015, nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ni Dan Maraya kú ní Jos, ní ẹni ọdún 69. Ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti àlejò kò tíì parí nígbà náà. Nínú àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n kéde ikú rẹ̀, orúkọ ìlú náà ni ó kẹ́yìn orúkọ rẹ̀.